Ọjọ́ Kan ní Freetown, àti Gbèsè tí A Kò Tíì San

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

   

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó kọ̀wé sí wa pé kí a wá ròyìn ìrìn àjò ojú omi fún àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni àwọn mọ̀. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Inú wa dùn láti jẹ́ ìpè náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó láti ronú sí ohun tí a óò sọ, a rí i pé nínú gbogbo ìrìn àjò náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó wúwo lọ́kàn wa. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí ọkọ̀ wa dúró ní ìlú Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, tí a sì sọ̀ kalẹ̀ láti wo ìlú. Ọjọ́ náà ni a jẹ gbèsè kan. Ayépé ni a sì ti lè san án.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé “àwa” ni a óò máa wí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó dúró níwájú yín. Àwa mẹ́ta ni a jọ rin ìrìn náà, ọmọ ìlú yìí sì ni wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn méjì ti lọ bá àwọn baba wọn. Ohun tí a jọ rí, tí a sì jọ jẹ̀bi rẹ̀, kò tọ́ kí ẹnì kan máa pè é ní tirẹ̀ nìkan.

BÍ A TI KÚRÒ NÍLÉ

Oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni a gbéra, ní oṣù kan náà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tí kò ní ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn lónìí kò tíì sí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé wa, ó gba Ṣàgámù, ó gba Ìkòròdú, ó fi dé Èkó. Àwọn ìyá wa sìn wá dé ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àdúrà àti omijé. Wọ́n fi gaàrí Ìjẹ̀bú, ọ̀kọ̀ọ̀kan àpò kékeré, sínú àpótí olúkúlùkù wa, wọ́n ní a kò mọ irú oúnjẹ tí òyìnbó yóò fi bọ́ wa.

Aureol ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi wa, ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster. Ọdún 1951 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàrin Liverpool àti Èkó. Ó tóbi ju 14,000 tọ́ọ̀nù lọ, ara rẹ̀ funfun báláú, ihò èéfín rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ọjọ́ 13 ni ó fi ń rìn láti Èkó dé Liverpool. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá bi àwọn bàbá àgbà yín tí wọ́n jẹ́ agbẹjọ́rò, dókítà tàbí olùkọ́ ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ fún yín pé ọkọ̀ yìí, tàbí àwọn méjì ẹgbẹ́ rẹ̀, Accra àti Apapa, ni ó gbé àwọn lọ tàbí tí ó gbé àwọn bọ̀. Ní 1974 ni Aureol fi òpin sí ìrìn náà, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀.

A kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí òkun ti bì wá síwá bì wá sẹ́yìn. Ó tó kí a wí pé ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó rántí oúnjẹ nínú wa. Lẹ́yìn tí a ti yà ní ilẹ̀ Gánà, ara wa balẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ayé.

OHUN TÍ A RÍ LÁÀÁRỌ̀

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni a rí àwọn òkè Sàró. Àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ títẹ́jú Ìjẹ̀bú kò rí irú rẹ̀ rí: òkè tí ó dìde ní etí òkun gan-an, tí igbó bò ó dé orí, tí ilé sì tò sí ìdí rẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn Potogí tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá ní ohun tí ó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fi orúkọ kìnnìún pe òkè náà. Inú orúkọ yẹn ni Sierra Leone ti jáde, tí àwọn baba wa fi ń pè é ní Sàró. Ọ̀kan nínú àwọn òkè náà ni a ń pè ní Òkè Aureol. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti gba orúkọ.

Ọ̀gá ọkọ̀ kan kéde pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ yóò ṣí, àti pé ẹni tí ó bá pẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò máa wò. A wọ aṣọ wa tí ó dára jù, a sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté ní Cline Town.

A kò rìn jìnnà kí a tó kan ilé gíga kan tí a fi òkúta pupa kọ́. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ń fi ṣe nígbà náà. Ọkùnrin kan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni ó sọ fún wa pé ilé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay àtijọ́ nìyí. Ẹsẹ̀ wa dúró. Ní 1827 ni àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ní 1848 ni wọ́n parí ilé òkúta náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ṣí lọ sí orí Òkè Aureol kí àwa tó dé. A fọwọ́ kan ògiri náà, a sì dúpẹ́ pé a fọwọ́ kàn án, nítorí pé ní 1999, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Sàró, iná jó ilé náà.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àjàyí láti ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ìwé yàtọ̀ sí ojú. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà lójú omi. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ó tẹ ilẹ̀ Freetown. Ọmọ tí a tà bí ẹran ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ni ó sì kọ ìwé èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1843, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn baba wa tó mọ ìwé kà.

A wọ táksì lọ sí àárín ìlú. Àwọn ilé onípákó tí a kọ́ sórí ìpìlẹ̀ òkúta tò lọ ní apá méjèèjì ọ̀nà, fèrèsé wọn kéékèèké, àjà wọn ga. Awakọ̀ wa mú wa dé ẹnubodè kan lẹ́bàá Ilé-Ìwòsàn Connaught. Ẹnubodè òkúta ni, ọdún 1817 ni a sì kọ sí ara rẹ̀. Inú ọgbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, ó sì fi ọkọ̀ ogun ṣọ́ òkun. Àwọn tí ọkọ̀ náà gbà tí wọ́n sì kó dé Freetown títí di ìgbà tí òwò náà parí lé ní 80,000. Níbẹ̀ ni akọ̀wé ìjọba ti ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá: orúkọ, ọjọ́ orí, bí ẹni náà ti ga tó, àti àpá tàbí ilà ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìwé ńlá yìí. A óò padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ a rìn dé ìdí igi tí ó jẹ́ àmì ìlú náà. “Cotton Tree” ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ojú kan ni a wò ó tí a mọ̀ pé àràbà ni. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju yàrá lọ, ẹ̀ka rẹ̀ ṣíji bo oríta. Ìtàn ìlú ni pé ìdí rẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti Nova Scotia dé ní 1792, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, ti péjọ láti dúpẹ́ pé wọ́n dé ilẹ̀ òmìnira. A dúró lábẹ́ òjìji rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wí pé, “Àràbà kò wó, ojú ti ìrókò,” gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

ÌYÁ ÀGBÀ NÁÀ

Ebi dé. A rí obìnrin kan tí ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí a ti súnmọ́ ọn ni ó kí wa pé, “Kúṣẹ́ o!” Láìrò ó tẹ́lẹ̀, ẹnu wa dáhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá!” Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wò wá, ó wo oúnjẹ rẹ̀, ó ní, “Akara. Olele.” Àwa náà ní, “Àkàrà. Ọ̀lẹ̀lẹ̀.” Ó pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí ojú wa rí nìyí. Àwọn ará Freetown ń sọ èdè kan tí wọ́n ń pè ní Krio. Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́tí, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa. Àsè tí wọ́n ń ṣe fún òkú wọn, àwùjọ ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ tuntun jáde, kómọjáde ni. Ìyàwó ni wọ́n ń pe aya tuntun. Wọ́n mọ aṣọ ẹbí, wọ́n sì mọ eégún. Orúkọ tí a sì fi pe àwọn Yorùbá níbẹ̀ ni Aku, nítorí pé ní gbogbo ìgbà ni ẹnu wọn kún fún “ẹ kú”: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Àwọn Aku onígbàgbọ́ wà, àwọn Aku Mùsùlùmí sì wà ní Fourah Bay àti Foulah Town, tí orúkọ Yorùbá wà nínú ìdílé wọn títí di òní.

Obìnrin náà kò jẹ́ kí a sanwó. Ó ní a gbọ́dọ̀ wá kí ìyá òun. Ó fi ọjà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú wa gba ọ̀nà tóóró kan lọ sí ilé pákó kan ní ẹ̀yìn ìlú. Àwọn ènìyàn pọ̀ nínú ọgbà, wọ́n ń se ẹ̀wà, wọ́n ń dín àkàrà. Àwùjọ ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, fún ẹnì kan nínú ìdílé tí ó pé ogójì ọjọ́ tí ó ti kú.

Ìyá àgbà jókòó sórí àga. Ó ti kọjá 80 ọdún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀. Ilé pa rọ́rọ́. Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì yé wa ohun tí ó ń sọ: pé ìyá ìyá òun ti sọ fún òun nígbà tí òun wà ní kékeré pé bí àwọn ọkùnrin ilé wọn ti ń kí àgbà nìyí, ṣùgbọ́n òun kò fi ojú rí i rí títí di òní.

Ó ní kékeré ni wọ́n mú ìyá ìyá òun. Ọkọ̀ ogun ni ó gbà á lójú omi. Ó mọ orúkọ oríkì rẹ̀, ó sì pè é fún wa; irú oríkì tí obìnrin mẹ́wàá ń jẹ́ nínú agbolé kan ni. Kò mọ orúkọ ìlú rẹ̀. Ohun méjì péré ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ náà, “Jẹ̀bú.” Èkejì ni pé ìyá ìyá rẹ̀ a máa wá irú iṣu kan kiri ọjà, bí ó bá rí i, yóò rín in, yóò fi ẹja àti epo sè é, yóò sì jókòó jẹ ẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́ta wo ara wa. Ewùrà ni ó ń wí. Ìkọ́kọrẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n da oúnjẹ díẹ̀ sí i, wọ́n sì ń pe orúkọ àwọn òkú ìdílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe oríkì ìyá ìyá rẹ̀, ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Ó yí sí wa, ó bi wá ní ìbéèrè méjì. Ó ní, “Ìlú wo ni kí n so mọ́ orúkọ rẹ̀?” Ó tún ní, “Ta ni ó tà á? Ṣé àwọn ènìyàn yín ni?”

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ lónìí, nítorí pé ilé ara wa ni a wà. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1820, nígbà ogun Òwu, àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú àti ti Ifẹ̀ wà lára àwọn tí ó gbógun ti ìlú náà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà òwò ti òkè wá sí etí ọ̀sà gbà. Àwọn baba wa ni onílẹ̀kùn ọ̀nà náà, ẹrú sì wà nínú ọjà tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú kò là á. Wọ́n mú wọn lójú ogun, wọ́n jí wọn gbé lójú omi, gbèsè sì kó àwọn mìíràn lọ. Ìyá yẹn ti lè jẹ́ ọmọ wa tí ẹlòmíràn tà. Ó sì ti lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn tí a tọ́ ní ilẹ̀ wa tí àwa fúnra wa sì tà. Ọmọ ọdún 20 sí 25 ni wá nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní èyí. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa ni ó dáhùn nígbẹ̀yìn pé, “Ìyá, a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá délé, a óò bèèrè, a óò sì kọ̀wé sí yín.” Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó súre fún wa. Ọmọ rẹ̀ kọ àdírẹ́sì ilé sórí ìwé kan, ó fi lé wa lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin kan nínú ilé náà sìn wá padà dé èbúté. A sáré wọ inú ọkọ̀, a kó àpò gaàrí Ìjẹ̀bú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, a ní kí ó gbé wọn fún ìyá àgbà. Aago márùn-ún lù, ọkọ̀ ṣí. Gaàrí yẹn nìkan ni ohun tí ìdílé náà rí gbà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú láti ọwọ́ wa.

OHUN TÍ A KÒ ṢE

A dé Liverpool, a dé London. Òtútù, iṣẹ́ àti ìwé gbà wá lọ́kàn. Olúkúlùkù wa rò pé èkejì ni yóò kọ̀wé sílé. Láàrin ọdún méjì, a ti kó kúrò ní yàrá kan dé òmíràn ní ìgbà mẹ́rin, ìwé tí àdírẹ́sì wà nínú rẹ̀ sì sọnù. Nígbà tí a padà sílé, àgbà kan ṣoṣo ni a bi léèrè. Ó mi orí, ó ní, “Ẹni tí ogun kó lọ, a kì í ka orúkọ rẹ̀.” A fi mọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a wá kàwé, tí a sì mọ̀ pé ọ̀nà wà tí a kò tọ̀. Ní 1839, àwọn Yorùbá kan ní Freetown da owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n sì fi wá sí Àgbádárìgì. Àwọn Ẹ̀gbá pọ̀ nínú àwọn tí ó ń padà bọ̀, wọ́n sì rí ìlú wọn wọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn Sàró àti àwọn míṣọ́nnárì títí di ogun 1892. Ìdí kan nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n wà lọ́hùn-ún kò fi rí ọ̀nà dé ilé, tí orúkọ ìlú wọn sì fi sọnù.

Síbẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Koelle, ọmọ Jámánì tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Fourah Bay, kó ọ̀rọ̀ èdè tí ó tó bí 200 jọ láti ẹnu àwọn tí a dá sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1854, èdè Ìjẹ̀bú sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ni ó jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń ka orúkọ orí, ojú, omi àti iná fún un bí a ti ń pè é nílé. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson tí ó wá sí Èkó ní 1874, Sàró ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjì àti òjò ńlá jà ní Freetown, àràbà náà sì wó. Ọmọ wa kan ní òkè òkun ni ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí tẹlifóònù. A wo kùkùté náà, a rántí ẹ̀rín tí a rín lábẹ́ rẹ̀ pé àràbà kò wó. A rántí ìbéèrè méjì náà. Ọgọ́ta ọdún ti kọjá. Ìyá àgbà kò sí mọ́, àwọn méjì nínú àwa mẹ́ta kò sí mọ́, ìlérí sì wà nílẹ̀ níbi tí a gbé e sí.

OHUN TÍ A BẸ̀ YÍN PÉ KÍ A ṢE

A kò wá sọ pé ọmọ Ayépé ni ìyá yẹn. A kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá ni pé bí ó bá jẹ́ ọmọ Ayépé, kò sí ìwé kankan nílùú yìí tí a fi lè mọ̀ ọ́n. Ó di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú fún 80 ọdún. Mélòó ni àwa tí a wà nílé dì mú? Àwọn ọmọ wa wà ní London, Houston àti Toronto lónìí. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbé wọn lọ, kò sí ẹni tí ó dè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ wọn pé ilé wo ni ó ti wá ní Ayépé, ẹ̀yin àgbà mélòó ni ó dá yín lójú pé yóò dáhùn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa ṣí ìwé kan fún ilé gbogbo tí ó wà nílùú yìí. Kí a kọ orúkọ ilé, oríkì orílẹ̀ rẹ̀, ìran rẹ̀ bí àgbà ilé ti mọ̀ ọ́n, àti orúkọ ẹnikẹ́ni tí a gbọ́ pé ogun, òwò tàbí àjò gbé lọ tí kò padà. Kí a má ṣe fi ohun ìtìjú pamọ́. Bí ilé kan bá mọ̀ pé a ra ènìyàn wọlé, tàbí pé a tà á jáde, kí a kọ ọ́, kì í ṣe láti fi bú ọmọ ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe kí ìbéèrè kejì ìyá yẹn lè ní ìdáhùn lọ́jọ́ kan.

Ìkejì, kí ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí máa ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtàn ilé kan lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi lè kà á fún ọmọ wọn.

Ìkẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, iṣẹ́ yín nìyí. Ìwé ńlá tí a ní kí ẹ rántí nì, orúkọ inú rẹ̀ kò run. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti kó orúkọ tí ó lé ní 90,000 jọ láti inú ìwé tí a kọ ní Freetown àti Havana, wọ́n sì ti gbé e síbi tí gbogbo ayé lè wò ó. Òyìnbó ni ó kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ rẹ̀ rí wúruwùru. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Ìjẹ̀bú dáadáa ni ó lè ka orúkọ kan kí ó sì wí pé, “Orúkọ ilé wa ni èyí.” Bí ẹ̀yin kò bá gbọ́ èdè náà mọ́, ta ni yóò kà á?

Ní ti àwa, a ti bẹ̀rẹ̀. A ti kọ ohun tí a mọ̀ nípa ilé tiwa sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, a óò sì fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí a tó jókòó. Ojú ewé 11 péré ni. Ní òpin rẹ̀ a kọ oríkì ìyá kan tí a kò mọ̀ rí, a sì fi àyè sílẹ̀ ní iwájú rẹ̀ fún orúkọ ìlú. Ẹ jẹ́ kí a jọ wá a.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kí ó mú àwọn ọmọ wa tí ó wà lájò délé láyọ̀, kí ìlú Ayépé máa gbèrú.